Èdè Ta Ni A Ó Fi Kọ́ Ọmọ France Road? Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn Òde Òní Àwọn Ará Fínlándì àti Nọ́wè

Àṣamọ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti France Road ní Sabon Gari, Kano, níbi tí ọmọ Yorùbá, ọmọ Igbo, ọmọ Hausa àti ọmọ ẹ̀yà mìíràn ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. A fi ọ̀rọ̀ náà wé ìtàn àwọn ará Fínlándì àti Nọ́wè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí pé àwọn náà pẹ́ lábẹ́ ìjọba elédè mìíràn kí èdè wọn tó wọ ilé ẹ̀kọ́. Ohun mẹ́ta ni a rí. Òfin nìkan kọ́ ló gbé èdè wọn dé kíláàsì, olùkọ́ tí a dìídì kọ́ ní èdè náà ni. Níbi tí èdè méjì ti pàdé, wọ́n ka iye àwọn tó ń sọ ọ́ kí wọ́n tó pín ààyè. Níbi tí wọ́n ti tẹ èdè kékeré rì, wọ́n padà wá tọrọ àforíjì ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ náà dá àbá fún àwa tí a ń kọ́ olùkọ́.

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gba France Road lọ sí ọjà Sabon Gari, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ọjà Muhammad Abubakar Rimi báyìí, kò ní pẹ́ gbọ́ òórùn panla. Àwọn Igbo ń pè é ní okporoko. Ẹja yìí kì í ṣe ti odò wa. Ní Lofoten, àwọn erékùṣù kan ní àríwá Nọ́wè, ni wọ́n ti ń pa á. Wọ́n á so ó rọ̀ sórí igi ní ìta láti nǹkan bí oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, afẹ́fẹ́ tútù á sì gbẹ ẹ́ láìsí ẹyọ iyọ̀ kan. Orí rẹ̀, tí àwọn ará Yúróòpù kò kà sí, Nàìjíríà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń wá. Nígbà ogun abẹ́lé wa, àwọn ìjọ Kristẹni láti ilẹ̀ Skandinéfíà wà lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé oúnjẹ lọ sí Biafra lóru, panla sì wà nínú oúnjẹ náà.

A mọ ẹja wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ìtàn wọn kò yé wa. Bí a bá dárúkọ Fínlándì ní àpérò bí irú èyí, ohun tí a máa ń sọ ni pé ilé ẹ̀kọ́ wọn dára, owó wà lọ́wọ́ wọn, olùkọ́ wọn gbayì. A kì í sábà bèèrè bí wọ́n ṣe débẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọlọ́rọ̀ ni Ọlọ́run dá wọn. Bẹ́ẹ̀, ní 150 ọdún sẹ́yìn, tálákà ni wọ́n, ìyàn ń pa wọ́n, ìjọba wọn kì í sì í ṣe ti ara wọn.

Ohun tó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023, nígbà tí mo lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan lẹ́nu TP ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí France Road. Ìṣirò ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n pé, bí a bá mú máńgòrò mẹ́ta kúrò nínú mẹ́jọ, mélòó ló kù? Kíláàsì dákẹ́. Ó tún un sọ ní Yorùbá. Àwọn ọmọ mélòó kan nawọ́ sókè. Ọmọkùnrin kan yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, ó sọ ọ́ fún un ní Hausa. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn sọ ọ́ ní Igbo. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, gbogbo kíláàsì ti ń pariwo pé márùn-ún ni. Lẹ́yìn iṣẹ́, ọmọbìnrin náà wá bá mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní èdè àdúgbò ni kí a fi kọ́ wọn. Ní àdúgbò yìí, èdè ta ni èdè àdúgbò?"

Mi ò rí ìdáhùn kankan fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo kọ síbí ni ìgbìyànjú mi láti dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Sabon Gari: ìlú tí a fi èdè pín

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Kano ní ọdún 1903. Nígbà tí ojú irin dé ibẹ̀ ní 1911, àwọn akọ̀wé, káfíńtà, òṣìṣẹ́ ojú irin àti oníṣòwò láti gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kí wọ́n gbé inú odi ìlú lábẹ́ ọba, wọ́n sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi. Ibẹ̀ ni a ń pè ní Sabon Gari, èyíinì ni ìlú tuntun. Orúkọ àwọn òpópónà rẹ̀ fúnra wọn jẹ́ ìtàn: Yoruba Road, Ibo Road, Church Road, France Road. Yorùbá ti wà ní Kano kí ojú irin tó dé. Ní Ayagi, nínú ìlú àtijọ́, àwọn Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí ti tẹ̀dó tipẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àtọmọdọ́mọ wọn sì ti di elédè Hausa. Àwọn tó wá gbé Sabon Gari kò rìn ní ọ̀nà yẹn. Kálukú mú èdè rẹ̀ dání.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èdè ẹ̀kọ́ ti pín Kano sí méjì. Ní 1909, Hanns Vischer, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Nassarawa, lẹ́yìn odi Kano. Hausa tí a fi álífábẹ́ẹ̀tì Róòmù kọ ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn màlámù láti di olùkọ́. Àwọn ará Kano pe ọkùnrin náà ní Dan Hausa, ilé rẹ̀, Gidan Dan Hausa, sì wà títí di òní. Ṣùgbọ́n ní Sabon Gari, Gẹ̀ẹ́sì ni òbí ń wá fún ọmọ rẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ ojú irin ń béèrè.

Ìpínyà yìí ti fa ẹ̀jẹ̀ rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1953, nígbà tí ariwo òmìnira ń lọ lọ́wọ́, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kano, ènìyàn 36 ni àkọsílẹ̀ ìjọba sọ pé ó kú. Ní ọdún 1966, wọ́n pa ọ̀pọ̀ Igbo ní Sabon Gari, àwọn tó kù sì sá lọ sí ìlà-oòrùn. Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ padà wá, wọ́n sì tún ilé wọn gbé. Mo mẹ́nu ba èyí kí a lè mọ̀ pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ èdè ní irú àdúgbò yìí, ọ̀rọ̀ bí ènìyàn yóò ṣe máa bá aládùúgbò rẹ̀ gbé pọ̀ ni à ń sọ pẹ̀lú.

Fínlándì lábẹ́ ọba méjì

Àwọn ará Fínlándì mọ irú ìṣòro yìí. Súwídìn ló jọba lé wọn lórí fún ohun tó lé ní 600 ọdún. Èdè Swedish ni wọ́n fi ń dájọ́, òun ni wọ́n ń sọ ní ilé ìjọba àti ní yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ di ènìyàn láwùjọ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n pọ̀ jù, ń sọ Finnish, èdè tí kò bá Swedish tan rárá. Bíṣọ́ọ̀bù Mikael Agricola ti tẹ ìwé ABC ní Finnish jáde láti 1543, odidi Bíbélì sì jáde ní 1642. Ìwé ìjọsìn wà, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní èdè náà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé tiwa. Odidi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884 nípasẹ̀ iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ à ń jiyàn títí di òní bóyá a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò.

Ní 1809, Rọ́ṣíà ṣẹ́gun Súwídìn, ó sì gba Fínlándì. Ọba Rọ́ṣíà fún wọn láyè láti pa òfin àti ẹ̀sìn wọn mọ́. Láàrin àkókò yìí ni Elias Lönnrot, tí ó jẹ́ dókítà, ń rìn láti abúlé dé abúlé, tí ó ń kọ ewì àwọn arúgbó sílẹ̀. Ó kó wọn jọ sínú ìwé Kalevala tí ó jáde ní 1835, èyí tó gùn jù ú lọ sì tẹ̀ lé e ní 1849. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń fojú tín-ín-rín èdè àgbẹ̀ wá rí i pé ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. J. V. Snellman náà ń kọ̀wé pé orílẹ̀-èdè kò lè lajú nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ń sọ èdè kan, tí àwọn mẹ̀kúnnù ń sọ òmíràn. Ohun tó yẹ kí ó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé Swedish ni Snellman fúnra rẹ̀ fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀. Àwa náà ńkọ́, tí a máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì gbèjà Yorùbá?

Ọdún 1863

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1863, Alexander Kejì, ọba Rọ́ṣíà, pàṣẹ pé láàrin 20 ọdún, Finnish gbọ́dọ̀ wà ní ipò kan náà pẹ̀lú Swedish nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó kan àwọn tí ń sọ ọ́. Kò yẹ kí a tan ara wa jẹ. Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló mú ọba náà ṣe é, nítorí bí ará Fínlándì bá ṣe jìnnà sí Súwídìn tó ni ọkàn Rọ́ṣíà ṣe ń balẹ̀ tó. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe gbé Hausa ga ní àríwá Nàìjíríà fún ìrọ̀rùn àkóso tiwọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ṣílẹ̀kùn fún, kò ní dúró máa bèèrè ìdí tí a fi ṣí i. Yóò kọ́kọ́ wọlé ná.

Ohun tó gbé àṣẹ náà dúró ṣẹlẹ̀ ní ọdún kan náà. Ní 1863, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Jyväskylä. Òun ni àkọ́kọ́ tí ó ń kọ́ olùkọ́ ní èdè Finnish. Ní ìlú kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ gírámà àkọ́kọ́ ní Finnish ti bẹ̀rẹ̀ ní 1858. Ẹni tó darí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ náà ni Uno Cygnaeus, àlùfáà kan tí ó ti rin ìrìn-àjò káàkiri Yúróòpù láti wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n gbà síbẹ̀. Ó sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ara ẹ̀kọ́, kí ọmọ àgbẹ̀ má baà rò pé ìwé ń gba òun kúrò lọ́wọ́ oko. Ní 1866, òfin ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jáde.

Ẹ wo ohun tó tún ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún yẹn. Láti 1866 sí 1868, ìyàn mú ní Fínlándì. Òtútù pa irè oko, àrùn tẹ̀ lé e, nǹkan bí ẹnì kan nínú méjìlá ló sì kú. Bí a bá ń wá ìdí tí orílẹ̀-èdè kan fi lè sọ pé òun kò lówó tí òun yóò fi kọ́ olùkọ́ ní èdè abínibí, èyí tó. Síbẹ̀ wọn kò ti ilé ẹ̀kọ́ Jyväskylä pa. Olùkọ́ ń jáde níbẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n ń padà sí abúlé, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní èdè ìyá wọn. Ní 1906, òfin tó dá ilé aṣòfin tuntun wọn sílẹ̀ fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti dìbò àti láti díje, obìnrin 19 sì wọlé ní ìdìbò 1907. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejìlá ọdún 1917 ni Fínlándì gba òmìnira. Ó di 1921 kí òfin tó sọ ẹ̀kọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ.

Láti 1863 sí 1921 jẹ́ ọdún 58. Ìlànà tiwa lo ọdún mẹ́ta péré. Ìjọba ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò. N kò ní bá a jiyàn pé ọmọ ń fìdí rẹmi. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló kọ́ olùkọ́ tó ń kọ́ wọn, èdè wo ni a sì fi kọ́ olùkọ́ náà? Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ ọ ní ìlànà ìkọ́ni, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ ọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, lẹ́yìn náà ni a wá ní kí ó lọ fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. A kò fún un ní ìwé, a kò fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi pe ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí a kò fún ní ọkọ́, tí a wá bá wí pé kò roko, kì í ṣe òun ló jẹ̀bi.

Àwa gan-an ti fi hàn rí pé ó ṣeé ṣe. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Wọ́n ṣe ìwé ní Yorùbá, olùkọ́ àkànṣe ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó wà ní Ifẹ̀ ló wà ní Jyväskylä: ìwé àti olùkọ́ ṣáájú àṣẹ. Ohun tí kò sí ni pé kí a máa bá a lọ.

Bí wọ́n ṣe pín ààyè

Títí dé ibí, ẹnì kan lè sọ pé, "Ó dára fún Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Yorùbá ti pọ̀. France Road ńkọ́?" Fínlándì náà ní irú France Road tirẹ̀. Nígbà òmìnira, nǹkan bí ẹni 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń sọ Swedish. Ọmọ àwọn tó ti jẹ gàba rí ni wọ́n lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì rọrùn láti ní kí wọ́n máa lọ sí Súwídìn. Yàtọ̀ sí èyí, ní 1918, kété lẹ́yìn òmìnira, àwọn ará Fínlándì bá ara wọn jagun abẹ́lé láti oṣù kìíní dé oṣù karùn-ún. Ó lé ní 36,000 ènìyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú àgọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú irú ogun bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní sùúrù fún ẹ̀yà kékeré.

Síbẹ̀, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1919 sọ Finnish àti Swedish di èdè orílẹ̀-èdè méjèèjì. Òfin èdè ọdún 1922 wá sọ bí a ó ṣe ṣe é. Ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ka ènìyàn. Níbi tí èdè kékeré bá ti ní ẹni 10 nínú ọgọ́rùn-ún, èdè méjì ni ìjọba ìbílẹ̀ náà yóò máa lò. Lóde òní, 8 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí ènìyàn 3,000 ti tó, wọ́n sì ń tún un yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó ń jókòó sí olú-ìlú tí yóò máa fọkàn rò pé èdè báyìí ló yẹ kí wọ́n máa sọ ní abúlé báyìí.

Erékùṣù Åland le ju ti orí ilẹ̀ lọ. Swedish ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ, wọ́n sì fẹ́ darapọ̀ mọ́ Súwídìn. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí Àjọ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, àjọ tó wà ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní 1921, àjọ náà dájọ́ pé Fínlándì ló ni erékùṣù, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dáàbò bo èdè àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ará ibẹ̀. Súwídìn gbà, Fínlándì gbà, ẹnikẹ́ni kò yọ idà. Títí di òní, Swedish ni èdè ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Åland.

Nọ́wè àti àwọn Sámi

N kò fẹ́ kí a rò pé mímọ́ ni gbogbo wọn. Dẹ́ńmáàkì ló kọ́ ilé olódi Christiansborg ní Osu, Accra, ó ta ẹrú níbẹ̀, ó sì ta ilé náà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Nọ́wè, tí panla ti ń wá, wà lábẹ́ Dẹ́ńmáàkì títí di 1814, lẹ́yìn náà ó wà lábẹ́ ọba Súwídìn títí di 1905. Tálákà ni wọ́n. Nǹkan bí 800,000 nínú wọn ló kó lọ sí Amẹ́ríkà láàrin ọ̀rúndún kan. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti já pa, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Danish ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Ivar Aasen, ọmọ àgbẹ̀ kan, rin ilẹ̀ náà já láti kó ẹ̀ka-èdè jọ, ó sì gbé gírámà jáde ní 1848 àti ìwé atúmọ̀ èdè ní 1850. Ní 1878, ilé aṣòfin wọn sọ pé, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, èdè tí ọmọ ń sọ nílé ni kí a fi kọ́ ọ. Ní 1885, èdè Aasen di ẹlẹgbẹ́ èyí tó jẹ́ ọmọ Danish. Ní 1905, wọ́n dìbò láti kúrò lábẹ́ Súwídìn: 368,208 ní bẹ́ẹ̀ ni, 184 péré ní rárá.

Àwọn kan náà tó mọ adùn èdè ẹni yìí ni wọ́n gba èdè lẹ́nu àwọn Sámi. Àwọn Sámi ti wà ní àríwá láti ìgbà láéláé, wọ́n ń da àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín, wọ́n sì ń pẹja. Ní 1880 àti ní 1898, ìjọba pàṣẹ fún olùkọ́ pé kí ó má lo èdè Sámi àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Òfin 1902 ní ẹni tí kò bá gbọ́ èdè Nọ́wè, tí kò sì lè kà á, kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ ìjọba ní Finnmark. Wọ́n kó ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé. Ojú ń ti òbí, wọn kò bá ọmọ sọ èdè wọn mọ́.

Nígbà tí mo ka èyí, ọkàn mi padà sí ìgbà èwe. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún nínú gbọ̀ngàn yìí mọ owó ìtanràn fànákúlà. Àwa náà mọ ọmọ tí wọ́n fi pátákó kọ́ lọ́rùn nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ ní gbàgede ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí Nọ́wè fi òfin ṣe fún Sámi, àwa fi ọwọ́ ara wa ṣe é fún ọmọ wa.

Ọ̀nà ìpadàbọ̀ wọn gùn. Ní 1989, ilé aṣòfin àwọn Sámi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nọ́wè. Ní 1997, Ọba Harald tọrọ àforíjì níbẹ̀. Ní 2023, ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde, ilé aṣòfin Nọ́wè sì tọrọ àforíjì ní 2024. Láti 1898 sí 1997 jẹ́ ọdún 99. Láàrin ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ti pàdánù èdè wọn. Àforíjì kò dá èdè padà sẹ́nu ẹni tó ti kú.

Ìdáhùn fún ọmọ TP náà

Mo mọ̀ pé Fínlándì kì í ṣe Nàìjíríà. Èdè méjì ni wọ́n ń bá jìjàkadì, tiwa lé ní 500. Kò sí bí a ṣe lè gbé òfin wọn wá sí Kano bí ẹni gbé àpò panla. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ṣeé mú nínú ìtàn wọn, a kò sì nílò láti dúró de Abuja kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, kí a kọ́ olùkọ́ ní èdè tí yóò fi kọ́ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó jẹ́ Yorùbá, Hausa tàbí Igbo lè kọ́ ìṣirò kíláàsì kejì ní èdè rẹ̀ lójú wa kí a tó fún un ní máàkì TP. Kí ó sì gbọ́ èdè kejì díẹ̀ lára èyí tí wọ́n ń sọ níbi tó ti ń kọ́ni. Ní Kano, ìyẹn túmọ̀ sí pé kí ọmọ Yorùbá gbọ́ Hausa, kí ọmọ Hausa lè fi Yorùbá tàbí Igbo ka oókan dé ogún. Vischer ti kọ́ olùkọ́ ní Hausa ní Kano láti 1909, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí níbí.

Èkejì, kí a ka ọmọ kí a tó yan èdè. Èdè àdúgbò kì í ṣe ohun tí a ń fojú inú wò. Bí a bá rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún TP, kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ èdè tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń sọ nílé sílẹ̀. Láàrin ọdún díẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì wa yóò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ní ìjọba kò mọ̀ nípa France Road. Níbi tí èdè méjì tàbí mẹ́ta bá ti pọ̀, a lè pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí Gẹ̀ẹ́sì sì so wọ́n pọ̀ ní ìparí.

Ẹ̀kẹta, kí àwa elédè ńlá má ṣe sọ ara wa di Nọ́wè lórí Sámi. Nínú kíláàsì Sabon Gari, ọmọ Nupe, Ebira, Idoma àti Urhobo náà wà. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 dárúkọ Hausa, Igbo àti Yorùbá fún iṣẹ́ ilé aṣòfin àpapọ̀, kò sọ pé kí a pa ẹnu àwọn tó kù dé. Ẹ bi àwọn Ègùn ní Àgbádárìgì bí ó ṣe ń rí lára wọn tí a bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ wọn tí a sì pè é ní èdè abínibí.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tẹ̀ lé ìtàn Fínlándì àti Nọ́wè láti fi dáhùn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ìtàn náà fi hàn pé orílẹ̀-èdè tálákà, tí kò tíì gba òmìnira, tí ìyàn ń pa, kọ́ olùkọ́ ní èdè àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ní sùúrù fún ọdún 58. Ó fi hàn pé elédè púpọ̀ lè bá elédè kékeré gbé bí wọ́n bá ka ara wọn sí. Ó sì fi hàn pé ẹni tí ó ti jìyà lórí èdè rẹ̀ lè fi irú ìyà kan náà jẹ ẹlòmíràn.

Ọmọbìnrin náà ti gboyè, ó ti ń kọ́ni. Bí mo bá tún rí i, màá sọ fún un pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí ọ̀kan yíjú sí èkejì tó sọ ọ́ ní Hausa, tí òmíràn sọ ọ́ ní Igbo. Àwọn ọmọ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́ ló kù tí a kò tíì kọ́ ọ.